Àwòkọ́ṣe Inú Ẹ̀rọ

Iṣẹ́ mi ni kí n máa lẹ bọ́ọ̀lù mọ́ èèyàn lára. Mi ò ṣàwàdà. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kéékèèké ni wọ́n, wọn ò tóbi ju èkùrọ́ lọ, wọ́n sì ń dán yinrinyinrin kí kámẹ́rà lè rí wọn. Eléré ìje á wọ ṣòkòtò péńpé, á dúró gbagidi níwájú mi, n ó lẹ ọ̀kan mọ́ ọn ní èjìká, ọ̀kan ní ìgbọ̀nwọ́, ọ̀kan ní ìbàdí, ọ̀kan ní orúnkún, títí dé gìgísẹ̀, mọ́kàndínlógójì lápapọ̀. Lẹ́yìn náà n ó lẹ wáyà mọ́ itan rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè gbọ́ ohun tí iṣan rẹ̀ ń sọ. Á wá sáré láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé, ogún mítà péré. Kámẹ́rà mẹ́jọ á máa wò ó láti òkè, irin pẹlẹbẹ tí a rì mọ́ àárín ilẹ̀ á sì wọn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe wúwo tó nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́. Nítorí iṣẹ́ yìí ni gbogbo ọ́fíìsì fi ń pè mí ní Ìyá Oníbọ́ọ̀lù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ọ̀gá wa. Ó yẹ kí n máa pè é ní “wọ́n”, torí ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ni mo ti wá. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní “ó” títí ìtàn yìí á fi parí, inú ló ń bí mi. Ọkùnrin náà mọ iṣan ju bí iṣan ṣe mọ ara rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kó tó gbà á, á ti ka iye iṣan tí ẹ fi nà án fún yín. Àmọ́ àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá tó wà láàárín ọ́fíìsì rẹ̀ àti yàrá àyẹ̀wò wa, kì í gùn ún. Ẹ̀rọ agbénisókè ló ń wọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́, orí fóònù ló ti ń ṣe ìwádìí.

Nínú kọ̀ǹpútà wa, ẹnì kan wà tí à ń pè ní Àwòkọ́ṣe. Kò lójú, kò nímú, igi tín-ín-rín àti bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé ni gbogbo ara rẹ̀. Tí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, á sáré kọjá lójú kọ̀ǹpútà. Eléré tó bá sáré tán, ẹ̀rọ á gbé òjìji tirẹ̀ lé Àwòkọ́ṣe lórí, á wo ibi tí wọ́n ti bára mu, á sì fún un ní máàkì nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Ẹgbẹ́ Eléré Ìje ṣòfin pé ẹni tí kò bá gba ọgọ́rin kò ní bá ikọ̀ lọ sí ìdíje kankan, ì báà yára ju ìbọn lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn eléré wa ti ń sáré lọ́nà tó dára, tí wọ́n sì ń gbẹ̀yìn.

Oníròyìn kan bi Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí rédíò pé kí ló dé tá a fi ń gbẹ̀yìn. Ojú ò tiẹ̀ tì í.

“Ẹ wo àwọn tó ń gba ipò kìíní wọ̀nyẹn,” ó ní. “Ẹ wo bí apá wọn ṣe ń fò kiri! Wọ́n kàn ń débẹ̀ ni, wọn ò mọ ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà débẹ̀.”

Oníròyìn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní àbúrò obìnrin kan, àbígbẹ̀yìn ìyá wa. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jù ú lọ, èmi ni mo sì tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wa ò sí mọ́. Ẹtu là ń pè é, nítorí pé láti kékeré ni kò ti mọ bí wọ́n ṣe ń rìn. Tí mo bá rán an lọ ra iyọ̀, omi tí mo gbé kaná ò tíì gbóná tó fi ń dé. Eré rẹ̀ ò ṣeé wò fún ẹni tó bá kàwé. Orí á máa mì, apá òsì á máa jù síta bíi ti ẹni tó ń lé eṣinṣin, àmọ́ kí o tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá lára rẹ.

Kì í tètè jí. Aago méje ni bọ́ọ̀sì tó ń gba òpópónà wa máa ń kọjá, aago méje gééré ni Ẹtu náà máa ń jáde nílé. Láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé ló ti ń lé bọ́ọ̀sì yẹn, lálọ àti lábọ̀, bọ́ọ̀sì náà ò sì já a sílẹ̀ rí. Awakọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Tó bá rí i nínú dígí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kì í dúró. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, á bá wa,” ló máa ń wí fáwọn èrò. Agbowó ọkọ̀, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan, á kàn na ọwọ́ síta lẹ́nu ilẹ̀kùn, Ẹtu á sì ti dì í mú kí wọ́n tó yà ní kọ́nà. Àwọn èrò á pàtẹ́wọ́. Mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá jókòó tì mí pé àbúrò mi nìyẹn.

Lọ́dún yìí, nígbà tí ìdíje ńlá ku oṣù méjì, Ẹtu fi ẹ̀yìn gbogbo àwọn tí wọ́n jọ sáré balẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yan ikọ̀. Ó wá ku yàrá àyẹ̀wò wa nìkan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi lẹ bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lára, ó ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀, ó sì sáré kọjá. Kámẹ́rà kan ò tiẹ̀ rí i rárá.

“Mọ́kànléláàádọ́ta,” Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó ń mi orí. “Apá òsì rẹ ń ṣe bó ṣe wù ú. Ta ló kọ́ ọ léré?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Mo kàn ń sá ni.”

“Mo rí i.”

Kóòṣì ikọ̀, tó fẹ̀yìn ti ògiri, la ẹnu díẹ̀. “Àmọ́ sà, òun ló yára jù nínú gbogbo wọn.”

“Kò síbi tí wọ́n kọ ‘ó yára’ sí nínú fọ́ọ̀mù yìí, kóòṣì. Ẹ bá mi wò ó.”

Kóòṣì wò ó lóòótọ́. Kò sí níbẹ̀.

Mi ò lè mú un mọ́ra. “Ẹ jọ̀ọ́ sà,” mo ní, “ọmọ ìka ò dọ́gba.”

“Ìyẹn gan-an ni ìwádìí wa fẹ́ tún ṣe, Ìyá Oníbọ́ọ̀lù.”

Ó fún Ẹtu ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó lọ tún eré rẹ̀ kọ́. A jọ ń lọ sílé, a dé ẹnu géètì ilé wa. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo wà. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni ìdíje yìí. Tí wọn ò bá mú mi lọ báyìí, ìgbà wo ni wọ́n tún fẹ́ mú mi? Ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe, mo máa ṣe é.”

Ó sì ṣe é. Ó gba fídíò Àwòkọ́ṣe sórí fóònù, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó gbé dígí ńlá ti ògiri. Tó bá tẹsẹ̀ kìíní àti ìkejì, kò sí wàhálà. Ẹsẹ̀ kẹta ni iṣẹ́ wà. Níbẹ̀, Àwòkọ́ṣe máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀, èjìká òsì á rọ̀, àgbọ̀n á yọ sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ ìwé odindi kan lórí ẹsẹ̀ kẹta yìí. Ó ní ibẹ̀ ni agbára ti ń gba ìbàdí bọ́ sí èjìká. Ẹtu á ṣe é, kò ní jọ ọ́. Á tún ṣe é. Ẹ̀yìn ń dùn ún, itan ń dùn ún, mo ń fi omi gbígbóná nù ún fún un, mo sì ń bú Àwòkọ́ṣe bí ẹni pé ó ní ìyá tó lè gbọ́.

Kóòṣì ló wá dá ọgbọ́n kan. Ó mú òkúta wínníwínní kan, ó fi í sábẹ́ ọmọ ìka tó kéré jù nínú bàtà ọ̀tún Ẹtu. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ tẹlẹ̀. Èjìká rọ̀, àgbọ̀n yọ. Kóòṣì fò sókè. Lọ́sẹ̀ yẹn, máàkì rẹ̀ di mọ́kàndínláàádọ́rin.

Inú gbogbo èèyàn dùn. Èmi nìkan ni ara mi ò balẹ̀. Mo ń wo àbúrò mi bó ṣe ń tiro lọ lọ́dẹ̀dẹ̀, mo ń bi ara mi pé: níbo ni mo ti rí ìrìn yìí rí?

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ agbénisókè bàjẹ́. Alága Ẹgbẹ́ Eléré Ìje sì dé sẹ́nu géètì láìròtẹ́lẹ̀. Mo ń gbé bọ́ọ̀lù tí mo fọ̀ bọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí gbayau, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n já jáde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ní ọdún mọ́kànlá, mi ò rí i kó sáré rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ kìíní, ẹsẹ̀ kejì. Ní ẹsẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ ọ̀tún fẹ̀gbẹ́ tẹlẹ̀, èjìká òsì rọ̀, àgbọ̀n yọ sókè. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì yí lọ sábẹ́ tábìlì.

Mo lọ ṣí dúrọ́ọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Mo rí ìwé náà, ọwọ́ mi ló kọ ọ́: “Ìdánwò ẹ̀rọ, ọjọ́ kìíní. Ọkùnrin kan, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta. Kókó wà ní ọmọ ìka tó kéré jù lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, bàtà tuntun sì ń fún un. Ó sáré lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní ó ń dun òun. Fún ìgbà díẹ̀ ni o. Kí á yọ ọ́ tí eléré gidi bá dé.” Lábẹ́ rẹ̀, ìfọwọ́sí mi.

Gbogbo rẹ̀ padà sí mi lórí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, kò fẹ́ ṣiṣẹ́ àfi tá a bá kọ́kọ́ fi ẹnì kan sínú rẹ̀ tó máa fi wé àwọn tó kù. Kò sí eléré nítòsí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà nítòsí, nínú bàtà tó rà nítorí ayẹyẹ ṣíṣí yàrá àyẹ̀wò wa. Mo lẹ bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, ó sá a, ẹ̀rọ gbà. Eléré gidi dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo gbàgbé.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà o, ojúkojú ni mo sì ń wo orí ọmọ bó ṣe ń wọ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi gbé ìwé yẹn sínú báàgì láìsọ fẹ́nì kankan, torí ìfọwọ́sí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tèmi ni. Lálẹ́, Ẹtu á máa sáré lọ, sáré bọ̀ lórí àmì ṣọ́ọ̀kì, èmi á sì máa wo báàgì. Ìbẹ̀rù ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹni tó ti lo ọdún mọ́kànlá níbi iṣẹ́ kì í fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ kìíní gan-an ló ti bà á jẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé, Alága Ẹgbẹ́ jókòó síwájú, ikùn rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú páálí tí wọ́n kó ìwé ẹ̀rí sí. Kóòṣì wà lẹ́bàá ògiri, níbi tó máa ń wà. Ẹtu ń na ẹsẹ̀ ní igun yàrá. Mo ti ro ohun tí mo máa ṣe. Mo rò pé tí ojú bá rí i, ẹnu ò ní lè jiyàn rẹ̀ mọ́.

“Ọ̀gá,” mo ní, “kí àwọn àlejò wa lè rí bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ṣe kúkú sáré díẹ̀ fún wọn?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe yẹ ọmọlúàbí. Ní ìgbà kẹta, ó ti ń ká ṣòkòtò. Mo lẹ bọ́ọ̀lù mọ́kàndínlógójì mọ́ ọn. Ó sáré láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé, ó gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó sì di fèrèsé mú kó má bàa ṣubú. Ẹ̀rọ rò ó, rò ó, ó gbé máàkì jáde.

Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

Mo wojú Alága. Mo ń retí kí ó yé e. Alága dìde dúró, ó pàtẹ́wọ́.

“Ẹ ò rí nǹkan!” ó pariwo. “Ẹni tó ń kọ́ wa gan-an ló mọ̀ ọ́n ṣe jù! Abájọ!”

Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo yọ ìwé náà jáde nínú báàgì, mo sì kà á sókè látòkè délẹ̀, tó fi dórí kókó, tó fi dórí bàtà tó ń fúnni, tó fi dórí ìfọwọ́sí mi. “Ọ̀jọ̀gbọ́n ni Àwòkọ́ṣe,” mo ní. “Kì í ṣe eléré kankan. Àwọn ọmọ yìí ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kókó sáré láti ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wọ jígí, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó gbójú sókè, omi ti lé ròrò sí i lójú.

“Ọdún mọ́kànlá,” ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Ọdún mọ́kànlá, máàkì mẹ́ta péré ni mo fi yàtọ̀ sí ara mi. Alága, ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, eléré wo ló lè ṣe irú ẹ̀?”

“Kò sí,” Alága ní.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọn ò sọ fún mi ni pé tó bá bá a tán, irọ́ lè ní kó jókòó, kó sì bu omi tútù fún un.

Alága ti yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. “Kọ ọ́ sílẹ̀. Kí gbogbo ikọ̀ máa wọ bàtà tó fi nọ́ńbà kan kéré sí ẹsẹ̀ wọn.”

“Kókó náà ńkọ́, sà?” akọ̀wé bi í.

“Tí bàtà bá ti ń fún wọn, kókó á wá fúnra rẹ̀.”

Ó wá kan Ẹtu. Mo kúnlẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lẹ bọ́ọ̀lù mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn tó jókòó má bàa gbọ́. “O ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Gbàgbé máàkì. Yọ òkúta yẹn kúrò nínú bàtà, kí o sá eré tìẹ fún wọn. Kí wọ́n rí i lẹ́ẹ̀kan.”

Mo gbójú sókè. Ojú rẹ̀ rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé ìyá wa ò ní padà wálé mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “mo ti yọ òkúta náà láti ijẹta.”

Ó sáré. Ẹsẹ̀ kìíní, ẹsẹ̀ kejì. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ kẹta lórí irin pẹlẹbẹ, ó dún gbì, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́. Apá òsì rẹ̀ tó máa ń lé eṣinṣin lẹ̀ mọ́ ọn lára bíi ti ẹni tó wà nílé ìjọsìn. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Kóòṣì ń sunkún ayọ̀. Alága fọwọ́ síwèé, akọ̀wé lu òǹtẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbọn ọwọ́ àbúrò mi, ó sì ka iye iṣan tó fi ń gbọ̀n ọ́n fún un.

A jáde nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ẹtu di ìwé ẹ̀rí mú, ìyẹn ni wọ́n fi máa mú un lọ sí ìdíje. Ohun tó ti ń wá láti ọmọdé ló dì mú yẹn, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè kí i kú oríire. Bí a ṣe yọ sí òpópónà ni a rí bọ́ọ̀sì wa tó ń gbéra ní ibùdókọ̀. Kò jìnnà, kò tó ọgọ́ta mítà.

“Sáré, dá a dúró fún wa!” mo pariwo. Bí mo ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ó sáré. Awakọ̀ rí i nínú dígí, ó gbé ọwọ́ sókè kí i, kò sì dúró, torí pé ó mọ̀ ọ́n. Bàbá onírùngbọ̀n funfun náà yọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ síta. Ó ń kà á: ẹsẹ̀ kìíní, ẹsẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ kẹta. Ó tún kà á. Ó tún kà á. Mo rí àwọn èrò tí wọ́n yíjú padà lójú fèrèsé, tí wọ́n ti gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́.

Bọ́ọ̀sì yà ní kọ́nà. Ọwọ́ bàbá náà ṣì wà níta.